Adéṣẹwà Tí Ara Rẹ̀ Máa Ń Le

Bí ẹ bá bi Adéṣẹwà pé ṣé ara le, á ní ara le koko. Irọ́ gbuu ni. Láti ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró ni ìrora ti wọ̀ ọ́ lára. Lónìí èjìká, lọ́la ìbàdí, oorun náà sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán ní Doornfontein, ní Johannesburg níbí. Nígbà mìíràn, kì í lè di àlùmọ́gàjí mú.

Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Turffontein, a kì í jẹ́wọ́ àìsàn. Màmá Abíọ́nà, ìyàwó pásítọ̀, ti kọ́ wa pé ohun tí èèyàn bá fẹnu sọ ló ń rí. Olúkúnlé, ọkọ Adéṣẹwà, a máa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, á sì fipá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Adéṣẹwà á débẹ̀, á ní ara òun yá. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò ní rí nǹkan kan. Nígbà tí kò lè fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa mọ́, àwọn kan ní ìgbéraga ni. Ẹnu ọmọ aráyé, ẹ dákun.

Lọ́jọ́ kan, Fìyìnfólúwa ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí síbí, bá a wọlé dókítà. Bí ìyá ṣe ní, "It is well," ọmọ dá a lẹ́nu.

"Mummy, this is not testimony time. Tell her."

Ojú ti Adéṣẹwà, àmọ́ ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: àìróorunsùn, ìrora, àti bó ṣe máa ń le sí i lọ́jọ́ tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nílé. Dókítà ní faibromayáljíà ni wọ́n ń pè é. Kò sí nínú egungun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àròsọ. Ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára ló ń ka ìrora sí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní họ́mónù tó lọ sílẹ̀, àìsùn, àníyàn àti dídá ẹrù gbé lè dá kún un. Ó fún un lóògùn, ó ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó sì jẹ́ káwọn èèyàn bá a gbé nínú ẹrù rẹ̀. Nínú táàsì, Adéṣẹwà ń sunkún ayọ̀ pé ẹnìkan gba òun gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n tún pín iṣẹ́ ilẹ̀ fífọ̀. Màmá Abíọ́nà na búrọ́ọ̀ṣì sí i. "Sister Ṣẹwà, ṣé ara le?"

"Rárá, mà. Gbogbo ara ló ń ro mí. Mi ò lè kúnlẹ̀ fọlẹ̀ mọ́."

Gbogbo wa ń retí ìbáwí. Màmá Abíọ́nà gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó fọwọ́ ti àga, ó rọra jókòó bí ẹni tí orúnkún ń dùn.

"Dókítà yẹn," ó ní, "kí lorúkọ ẹ̀?"