Èéfín Tí Yísà Ń Wò

Yísà, bàbá Màrdíyyàh, ló máa ń dúró létí pápá kan ní Amuwo tí hẹlikópítà ti ń balẹ̀. Ọ̀pá pupa méjì ló máa ń mú lọ́wọ́. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n sílẹ̀, páílọ́ọ̀tì yóò máa sọ̀. Bí ó bá gbé wọn kọ́ra lókè orí, páílọ́ọ̀tì yóò padà sókè.

Afẹ́fẹ́ ló ń ṣọ́. Bí hẹlikópítà bá ń yára sọ̀ kalẹ̀ lóòró gangan, tí afẹ́fẹ́ sì ń tì í lẹ́yìn, ó lè rì sínú afẹ́fẹ́ tí abẹ́bẹ̀ orí rẹ̀ ń fẹ́ sísàlẹ̀. Bí páílọ́ọ̀tì bá tẹná mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà náà kó lè gòkè, ńṣe ni yóò túbọ̀ máa já bọ́. Aṣọ kan wà lórí òpó tó ń júwe afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n èéfín ẹja tí Wòsílátù ń yan lẹ́yìn ọgbà, lápá Kuje, ni Yísà gbọ́kàn lé.

Lọ́jọ́ kan ní ọdún 2004, Wòsílátù lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Èéfín kò sí. Òjò ti mú kí aṣọ orí òpó tutù rinrin, kò mì. Yísà rò pé afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ó rẹ ọ̀pá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń ti hẹlikópítà lẹ́yìn; ó já bọ́ láti ibi tó ga tó òrùlé, ẹ̀yìn páílọ́ọ̀tì sì kán. Ẹnikẹ́ni kò bá Yísà wí. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì korò.

Oṣù mẹ́ta ló fi jókòó sílé kí wọ́n tó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Páílọ́ọ̀tì tuntun, Ọlábọ̀dé, ló ń bọ̀, òun àti èrò mẹ́rin. Aṣọ orí òpó tún tutù, kò mì. Ṣùgbọ́n èéfín Wòsílátù ń tẹ̀ síhà Agboju, ibi tí hẹlikópítà dojú kọ gan-an. Ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Yísà gbé ọ̀pá kọ́ra lókè orí.

Hẹlikópítà padà sókè, ó yípo lórí ilé àwọn ará Festac, ó gba ìhà Agboju wọlé, ó sì balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Bàbá Màrdíyyàh, kí lẹ rí?" Ọlábọ̀dé bi í. "Aṣọ yín ń sùn!"

"Ẹja ni mo wò, sà."

"Ẹja? Ebi ló ń pa yín, Bàbá!" Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tó yíjú rí èéfín. Ẹ̀rín náà tán. "Ẹ ṣeun, sà."

Yísà dúró wò ó bóyá inú òun yóò dùn. Kò dùn. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

"Àǹtí Wòsílátù, ṣé ẹ máa yan ẹja lọ́la?"

"Bàbá Màrdíyyàh! Ìgbà gbogbo lẹ máa ń béèrè, ẹ ò ra ẹyọ kan rí!"

"Ṣé ẹ máa yan án?"

Wòsílátù wo ojú rẹ̀, ó rí i pé èéfín ló tẹjú mọ́, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Bí mi ò bá tiẹ̀ rí ẹja," ó ní, "màá dáná."