Ọjọ́ Keje, Oṣù Kejìlá

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, ní kóòtù tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ní Yábà. Gbogbo wa ti pé yí kọ̀ǹpútà mi ká, inú wa ń dùn ṣìnkìn. Ìwé ìdásílẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé fáìlì sí abíyá.

Ṣáájú ìgbà náà, ọlọ́pàá ní ìwé tiwọn, kóòtù ní tirẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ní tirẹ̀. Ọlọ́pàá á kọ Shegun, àwa á kọ Olúṣẹ́gun, àwọn wọ́dà á kọ orúkọ bàbá ẹ̀ síwájú. Ẹnì kan ṣoṣo á wá di èèyàn mẹ́ta. Odidi ọdún méjì ni èmi àti ọ̀gá mi, Ẹ̀gbọ́n Dáre, fi bá wọn jókòó kí a tó fẹnu kò sórí ìlànà kan: orúkọ ìdílé ni yóò ṣáájú, ọjọ́ ìbí á tẹ̀lé e, kí gbogbo ẹ̀rọ wa lè máa sọ èdè kan náà.

Kọ́lá Akínwándé, oníṣẹ́ iná, ni adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì. Èsì dé kíá: “Kò sí ẹni bẹ́ẹ̀.”

Mo tún orúkọ náà yẹ̀ wò.

Ẹ̀gbọ́n Dáre pe wọ́dà tó ń bójú tó ẹ̀rọ lọ́hùn-ún. Wọ́dà náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, Kọ́lá Akínwándé méjì ló wà níbí. Ọjọ́ ìbí tí ẹ kọ ò bá ti ìkankan nínú wọn mu. Tí mo bá lọ tú ẹlòmíì sílẹ̀, èmi ni wọ́n máa tì mọ́lé.”

Òótọ́ ló sọ. Mo bá jáde lọ bá ìyá Kọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó wá jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ bí Kọ́lá?”

“Ọjọ́ keje, oṣù kejìlá. Mo ń máàkì ìwé ìdánwò lọ́wọ́ nígbà tí ìrọbí mú mi.”

Mo fi ohun tí mo kọ hàn wọ́n: 7/12. Wọ́n fi awò sójú. “Ó pé. Àmọ́ ta ló máa kà á? Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà, oṣù ló máa ń kọ́kọ́ kọ. Lójú tiẹ̀, oṣù keje nìyí.”

Orí mi wú! Eré ni mo sá wọlé, bàtà mi kan bọ́ sọ́nà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ tiwọn ń ka oṣù ṣáájú ọjọ́!”

Èmi gan-an ni mo kọ ojú ewé yẹn nínú ìlànà wa. “Ọjọ́ ìbí” ni mo kọ, mi ò sọ èwo ló máa ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n Dáre pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, “Ọdún ni kó ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà.” Wọ́n ṣàlàyé fún wọ́dà lórí fóònù bó ṣe máa tún ẹ̀rọ tiwọn ṣe. Nígbà tó ṣe é tán, mo tún ọjọ́ ìbí náà kọ, mo sì tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan sí i.

“A ti rí i.”

Gbogbo ọ́fíìsì hó yèè! Màmá ti tẹ̀lé mi wọlé. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. “Ṣé ó ń bọ̀ wálé lónìí?”

“Lónìí ni, mà.”

Kí oòrùn tó wọ̀, fóònù mi, tí mo ti fún Màmá ní nọ́ńbà rẹ̀, dún. Ohùn ọkùnrin ni. “Àǹtí, Kọ́lá ni. Mo ti délé.” Mo bú sẹ́kún ayọ̀.

Lónìí, èmi ni mo ń kọ́ àwọn akọ̀wé tuntun. Wọ́n máa ń rojọ́ pé mo ti le jù lórí ọjọ́ àti orúkọ. Mo le lóòótọ́. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n ń rí; èmi ti rí ẹni tó gba inú wọn jáde.