Ìyá Mi Ń Yẹ Pẹ́pẹ́yẹ Wò

Lánàá, ọmọ mi gbé ọmọ rẹ̀ lé mi nítan, ó tan tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi wò ó bóyá eré yìí yẹ ọmọdé." Bí mo ṣe gbọ́ ohùn pẹ́pẹ́yẹ inú eré náà, owú àtijọ́ bá gbéra nínú mi. Àgbàlagbà bíi tèmi!

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan nílé wa ní Nimbo, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ nílé ìwé, ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, mò ń ṣa ẹ̀wà, oòrùn ń jó mi lẹ́yìn. Ìyá mi, tó jẹ́ pé èdè Jùlá ló fi ń tajà, wà níwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àbúrò mi lórí itan. Pẹ́pẹ́yẹ kan ń sọ Faransé.

"Èmi náà ńkọ́, Ìyá?"

"Ìwọ ti ń lọ sílé ìwé. Ọmọ tí kò tíì lọ ló ni eléyìí. Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dára fún un."

Kò pẹ́, àbúrò mi, ọba ilé, ti sùn, itọ́ rẹ̀ ń ṣàn sára ìró ìyá mi.

"Ó mà ti sùn o!"

"Ṣé ẹ̀wà lò ń ṣà ni, àbí ojú mi lò ń wò?"

Pẹ́pẹ́yẹ kí èèyàn, ó ní, "Bọ́njúù, madáàmù." Ètè ìyá mi náà mì wẹ́rẹ́: "Bọ́njúù, madáàmù." Díẹ̀ ló kù kí n da òkúta padà sínú ẹ̀wà.

Mo ti ní ìsọ̀ tèmi lọ́jà kí ó tó yé mi pé ìyá mi gan-an ni ọmọ tí kò tíì lọ sílé ìwé.

"Màmá, ọmọ ti sùn, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n!" Ọmọ mi ló ń pariwo láti ilé ìdáná lánàá.

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán."