Okùn Inú Oje Bomubomu

Òórùn oje bomubomu ló máa ń kọ́kọ́ padà wá bí mo bá rántí Kútọnu. Yàrá ìwádìí wa kò jìnnà sí àdúgbò Ganhi létí òkun; bí a bá ṣí fèrèsé, atẹ́gùn òkun a gbé iyọ̀ wá sórí àwọn ìgò wa. Òmìnira kò tí ì pẹ́ nígbà náà, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, mo sì rò pé ohun gbogbo tí a bá bẹ̀rẹ̀ ló máa yọrí.

Ìwọ náà mọ ewé yẹn. Oje rẹ̀ ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń mú wàrà dì, purotéènì kan nínú oje náà ló sì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ó dà bí okùn tín-ín-rín tó ká ara rẹ̀ jọ lọ́nà kan ṣoṣo. Bó bá tú, wàrà kò ní í dì. Mo ti fi kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní yúríà tú u. Mo wá fẹ́ mọ̀ bóyá okùn náà lè fúnra rẹ̀ ká padà, bí mo bá ń fọ yúríà náà kúrò díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Mo dì í sínú àpò kékeré kan tí yúríà lè jò jáde nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí okùn kò lè gbà kọjá, mo sì rì í sínú omi yúríà nínú ìgò. Ìwọ̀nba tó wà nínú àpò yẹn ló kù nínú èyí tí a fi ọ̀pọ̀ oṣù yọ́ mọ́, wọ́n sì máa ti yàrá náà pa bí n kò bá rí nǹkan fi hàn. Ọ̀gá mi, Faransé kan tó ń di ẹrù lọ sílé, kò sọ ju "Má kánjú" lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, awakọ̀ kan láti àdúgbò wa ní Pobè wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ara Bàbá yín kò yá. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè."

"Kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì."

Ó wo ìgò orí tábìlì. "Nítorí bomubomu? Èyí tó kún ẹ̀yìnkùlé yín, tí ewúrẹ́ ò tiẹ̀ bojú wò? Láàárọ̀ ọ̀la ni mò ń padà o."

Mo rẹ́rìn-ín. Bó ti jáde, mo sọ àpò náà sínú omi mímọ́ tí kò ní yúríà rárá lẹ́ẹ̀kan náà, kí n lè bá a lọ.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀, àpò ti funfun bí omi ògì. Àwọn okùn ti dì mọ́ ara wọn dípò kí kálukú ká ara rẹ̀. Mo kán an sínú wàrà tútù, wàrà kò dì. Mo tún kán an, mo dúró, mo tún dúró, títí mọ́tò fi lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó dé Pobè. Wọ́n ti sin ín. Wọ́n ti fọ ẹní rẹ̀, wọ́n sá a sórí ògiri, omi ṣì ń kán nídìí rẹ̀.

"Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá o ti dé," ni ìyá mi wí. "Mo ní o wà lọ́nà."

Wọ́n ti yàrá ìwádìí náà pa. Mo di olùkọ́, mo ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kò sẹ́ni tó lè bá okùn yẹn kánjú, n kò sì sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ká ní mo fi ìgò sílẹ̀ lọ́sàn-án yẹn, ǹ bá rí Bàbá. Ká ní mo jókòó tì í, bóyá ìbá ká. Ìdajì ni mo fún àwọn méjèèjì. Mo ti darúgbó báyìí, gbogbo wọn ti lọ, ọ̀rọ̀ ìyá mi nìkan ló kù sí mi létí: mo wà lọ́nà. N kò tí ì dé.