Sálúbàtà Ẹnu Ọ̀nà

Ọ̀pá bàbá onílé wa ní Alákijà ni mo fi ń mọ irọ́ inú fíìmù. Sójà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí ìjọba fi sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ìlú tí wọ́n gbà nígbà ogun abẹ́lé. Tí a bá jọ ń wo fíìmù ogun, wọn á fi ọ̀pá gún ilẹ̀: "Irọ́!"

Sálúbàtà aláwọ kan wà tí wọ́n máa ń wọ̀, ó tóbi jù wọ́n lọ. Tí wọ́n bá bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, wọn á kọjú rẹ̀ sí ìta. "Ẹni tó ni ín lè dé."

Mo jí ọ̀rọ̀ yẹn sínú fíìmù tí èmi náà kọ. Sójà kan gba ilé tíṣà tó ti kú, ó ń wọ sálúbàtà rẹ̀. Mo wá fi àròsọ tèmi kún un: gbogbo ọ̀sán Sátidé ni tíṣà ń padà wá béèrè bàtà. Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi.

Nígbà tí a wò ó débẹ̀, ọ̀pá kò dún.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bàbá, mo kàn rò ó ni."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ kó sálúbàtà náà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Sátidé lòní. Tó bá dé, ìwọ ni kó o dá a lóhùn."