Ọmọ Bàbá Gẹ́ètì

Ní àdúgbò Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo èèyàn mọ Joseph Ọlọ́runnísọ̀lá sí ẹni tí kì í gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Bí àwọn ọmọdé bá jà, tí ìyá kan bá fa ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́ wá fẹjọ́ sùn, Joseph kì í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Yóò kọ́kọ́ na ọmọ tirẹ̀ ná. Ta ló jẹ̀bi kò kàn án. Ohun tó ń wá ni pé kí obìnrin náà padà sílé, kó máa sọ pé bàbá yìí mà mọ ọmọ tọ́ o. A mọ irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n sì fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà. Ẹ̀yẹolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí Joseph bí, ti jẹgba ọ̀ràn tí kò dá kó tó mọ̀wé kọ.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Joseph. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ló gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yunifásítì aládàáni kan sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ẹnu gẹ́ètì ni wọ́n fi í sí. Òfin ọgbà náà pọ̀: káàdì ìdánimọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn, ṣòkòtò ò gbọ́dọ̀ ya lórúnkún, aṣọ obìnrin gbọ́dọ̀ bo orúnkún, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pélébé kan, wọ́n pín in fún akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù ju tiwọn síbi tó wù wọ́n. Joseph há tirẹ̀ sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Bàbá Òfin, inú rẹ̀ a sì máa dùn sí orúkọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe.

Yunifásítì yìí náà ni Ẹ̀yẹolúwa wọlé sí nígbà tó yá. Láti ilé ló ti ń lọ, tó ń bọ̀. Láàárọ̀, Joseph á ti dé gẹ́ètì ṣáájú rẹ̀. Bí ọmọ náà bá dé, á wo káàdì ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń wo ti gbogbo èèyàn, ọmọ á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bàbá mi, èmi náà rèé o." Adùn ìgbà náà kò tọ́jọ́.

Ọdún kẹta rẹ̀ ni nǹkan bàjẹ́. Ìdánwò ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, Mubaraq, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, kó wọn jọ, ó ní àwọn aláṣẹ ń kùn pé àwọn ẹ̀ṣọ́ kan ń gbójú fo ẹ̀ṣẹ̀ àwọn èèyàn wọn. Kò dárúkọ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n Joseph nìkan ló ní ọmọ nínú ọgbà, ó sì gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀yẹolúwa dé gẹ́ètì pẹ̀lú gáùn kan tó dé orúnkún gééré. Aṣọ yìí kan náà ló wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ nílé, tí bàbá kò sọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin tí aṣọ tirẹ̀ kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Mubaraq dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wò wọ́n.

"Padà lọ pààrọ̀ aṣọ," ni Joseph wí.

Ẹ̀yẹolúwa rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi. Ìdánwò wa ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà rí mi nílé."

"Mi ò ní ọmọ ní gẹ́ètì yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo yín."

Ọmọ náà dìde, ó ké sí ọlọ́kadà, ó lọ. Kò pẹ́ tó lọ tí Mubaraq fi rìn wá. Ó ní, "Bàbá, kí ló dé? Aṣọ yẹn ò kúkú ní wàhálà kankan. Ṣé kì í ṣe ọmọ yín nìyẹn ni?"

Joseph ní, "Òun náà ni." Ó nàró, ó ń retí kí ọ̀gá yìn ín. Mubaraq kàn mirí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kí Ẹ̀yẹolúwa tó délé, kó tó pààrọ̀ aṣọ, kó tó rí ọ̀kadà mìíràn, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò. Òfin tún nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń ṣe ìdánwò ọjọ́ náà. Ẹni tí kò bá ṣe é kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ọdún kẹrin.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan ṣì wà. Olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Ẹ̀yẹolúwa ṣàánú rẹ̀, ó ní bí ẹ̀ṣọ́ tó dá a dúró bá lè wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé gẹ́ètì ló fà á, àwọn yóò wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀yẹolúwa sáré wá bá bàbá rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. "Bàbá mi, ẹ kàn bá mi kálọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín."

Joseph wo àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó. Ó ní, "Wọn á ní mo lọ fi ipò mi bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ mi. Fara dà á. Ọdún kan ò lè pa ọ́."

Ipò wo, ẹ gbà mí? Ẹni tó ń ṣí gẹ́ètì tó sì ń tì í. Ó dunni pé kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yẹolúwa kò sunkún lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì padà.

Kò sí ìjà nílé. Ká ní ó jà ni, ì bá sàn. Ó ń kúnlẹ̀ kí i, ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ibà dá Ẹ̀yẹolúwa gúnlẹ̀ nígbà kan tí ìyá rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, tí Joseph wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ké sí, Alhaja Marufat tó ń ta aṣọ ní Sábó, òun ló sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ara ọmọ ti yá tán kí Joseph tó gbọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bi ìyàwó rẹ̀ nígbà tó ti Ọ̀yọ́ dé pé, "Àmọ̀kẹ́, ṣé n ò sí láyé ni?"

Àmọ̀kẹ́ ní, "Ẹ wà láyé, Bàbá Ẹ̀yẹ. Gẹ́ètì lẹ wà."

Joseph gbìyànjú. Ó ra fóònù tuntun fún ọmọ náà. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Joseph fẹ́ sọ pé kó má bínú. Ṣùgbọ́n ilé tí bàbá kì í ti í bẹ ọmọ ni òun náà dàgbà sí, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde dé, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ Ẹ̀yẹolúwa ti gba tiwọn lọ. Àlejò méjì péré ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè mú wọlé, káàdì méjì ni wọ́n sì fún Ẹ̀yẹolúwa. Joseph kò béèrè. Ó gba àyè lọ́wọ́ Mubaraq pé òun ò ní wá síbi iṣẹ́, ó ní kí Àmọ̀kẹ́ bá òun lọ bùbá àti ṣòkòtò tuntun. Ilẹ̀ mọ́, ó wọ̀ ọ́, ó jókòó sí pálọ̀. Kò sẹ́ni tó fún un ní káàdì. Ó bọ́ aṣọ náà, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó bá ẹ̀yìnkùlé jáde lọ sí gẹ́ètì.

Ó ń yẹ káàdì àwọn àlejò wò nígbà tí wọ́n dé: Ẹ̀yẹolúwa nínú aṣọ oyè rẹ̀, Àmọ̀kẹ́ lápá kan, Alhaja Marufat lápá kejì. Àwọn obìnrin méjèèjì na káàdì sí i. Àmọ̀kẹ́ kò lè wo ojú ọkọ rẹ̀. Joseph dá káàdì wọn padà, ó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀yẹ, mo ti gbàyè lónìí tẹ́lẹ̀ o. Mo rò pé..."

Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú Ẹ̀yẹolúwa. Ìyàlẹ́nu ni. "Ṣé ẹ fẹ́ wá ni, sà?" Ó wo àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́, bí ẹni ń bá bàbá rẹ̀ bo àṣírí. "Ẹ má bínú. Mo rò pé ojú á tì yín tí wọ́n bá rí wa pọ̀ níbi iṣẹ́ yín ni."

Ó kúnlẹ̀ tòun taṣọ oyè, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó sì bá àwọn ìyá méjèèjì wọlé. Àlejò tó wà lẹ́yìn wọn na káàdì tirẹ̀ síwájú. Joseph gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú, kò sì rí nǹkan kan kà níbẹ̀ nítorí omijé.