Àbúrò Ìyá Mi Lórí Bèbè Ọ̀gbun

"Ẹni tó bá fẹ́ wo omi, kó kọ́kọ́ fa èpò." Ohun tí àbúrò ìyá mi máa ń sọ nìyẹn fún àlejò tó bá mú gun òkè lọ wo omi tó ń já wálẹ̀ lápá Òwu-Ìsin. Èpò àjèjì ti bo bèbè ọ̀gbun, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfìfo ló wà lábẹ́ rẹ̀. Òun alára kì í gbẹ́sẹ̀ níbẹ̀ láìfi ọ̀pá gún iwájú.

Ní Kérésìmesì kan, nígbà tí owó epo ń dún lápò ará Èkó, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé kámẹ́rà kọ́rùn dé, èmi àti àbúrò ìyá mi sì mú un gun òkè lọ.

"Bàbá, èmi ò wá fa èpò o. Ẹ fún ewúrẹ́ jẹ."

"Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, àna wa. Ẹ dúró! Kò sílẹ̀ níbẹ̀ o!"

Ó ti gbẹ́sẹ̀. Èpò gbé e mì dé ìbàdí. Àbúrò ìyá mi dojú bolẹ̀, ó gbá bẹ́líìtì rẹ̀ mú, a sì jọ fà á jáde. Kámẹ́rà já lọ. A ò gbọ́ ìgbà tó balẹ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó sórí àpáta, ó ń sunkún, síbẹ̀ àbúrò ìyá mi ò tú bẹ́líìtì náà sílẹ̀.

"Ẹ gbà mí," ló wí, "ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́."

Èmi ni mo bá a tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.